Ọwọ́ Kejì fún Ojúlafẹ́ní

Àárín ojúde gan-an ni wọ́n dé tí ìdè ọrùn ajá náà fi dún. Dídún rẹ̀ kò le, ó kàn rí bí ẹni ń fi ṣíbí lu etí abọ́, ṣùgbọ́n Láyíwọlá gbọ́ ọ wọ inú egungun. Ó bojú wẹ̀yìn. Ajá rẹ̀ ti lóṣòó sórí òkúta dídán, ó gbójú sókè ó ń wò ó, bí ọmọ tó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò bọ́ sí àkókò.

"Ojúlafẹ́ní," ni ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́, "o ò lè mú un mọ́ra títí a ó fi dé ẹ̀gbẹ́ òpó?"

Ajá kò lè mú un mọ́ra. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha òkúta lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń wa erùpẹ̀ bò ó, ó sì wá dúró ti olówó rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni ìdè ọrùn náà wí, ní ohùn obìnrin tí kò bínú tí kò sì rẹ́rìn-ín.

Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ló wà lára ìdè ọrùn náà. Méjì ti pọ́n, ẹyọ kan tó kù ṣì funfun. Ọjọ́ tí ìkẹta bá pọ́n, ọkọ̀ àwọn wolé-wolé yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ó sì gbé ajá lọ sí Ọgbà Ajá lẹ́yìn òkè, níbi tí igba ajá ti ń gbó mọ́ ara wọn tọ̀sán tòru, tí ẹni tó ni ọ̀kankan nínú wọn kò sì gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀.

Láyíwọlá fa àpò ewé kan yọ nínú àpò dàńṣíkí rẹ̀. Ewé kókò tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan orúnkún ni ẹ̀yìn ti gbá a mú, bí ìgbà tí wọ́n bá kan ìṣó mọ́ pákó. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó di itan ara rẹ̀ mú, ó rọra ń na ara sókè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tún dúró ṣánṣán. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tí ì ràn lọ́jọ́ náà rárá.

"Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án."

Lórí òrùlé gbọ̀ngàn àdúgbò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tú ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin ará Agbòjò, ẹ kú àárọ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ń bọ̀ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ kó aṣọ tí ẹ sá, ẹ mú ajá yín wọlé. Ẹnu táńkì yóò ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojúde mọ́."

Ojúde ti dá. Àwọn tó ní aṣọ lórí okùn ti kó o, àwọn tó ní ajá ti lọ. Apá ìlà-oòrùn dúdú bí ìdí ìkòkò. Oṣù méje rèé tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ kẹta tí ẹ̀rọ omi ilé kọ̀ọ̀kan kò ṣí ju ìgbà tí wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ àárọ̀ lọ. Gbogbo òkúta ojúde náà ló rọra dagẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà àárín, níbi tí ìlẹ̀kùn irin táńkì wà. Omi tó bá bọ́ sórí rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò yóò mu títí ọdún yóò fi yí po.

Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ìlà-oòrùn, Onímú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju ìjàpá àgbà lọ, ó sì ń rìn bí ìjàpá, ó ń fi imú rẹ̀ gbọ́ òórùn òkúta kọ̀ọ̀kan. Bí Onímú bá bá ẹ̀gbin lórí ilẹ̀ kí òjò tó dé, ìlẹ̀kùn táńkì kò ní ṣí. Ní ọdún kẹta sẹ́yìn, ìgbẹ́ ajá kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Òkè-Àpáta. Tàgbà tèwe wọn dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo àkọ́rọ̀ òjò tó ń gba gọ́tà lọ sínú igbó. Omi tí wọ́n fi gbé ọdún yẹn, wọ́n rù ú wá láti àdúgbò ẹlòmíràn ni.

Láyíwọlá kì í ṣe ẹni tó ń fojú di òfin yìí. Ó wà lára àwọn ọkùnrin méjìlá tó gbẹ́ táńkì náà, nígbà tí apá rẹ̀ ṣì le bí igi ìrókò. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, nígbà tí àwọn èèyàn ń bu omi àgbàrá mu bó ṣe bá wọn, àrùn onígbáméjì pa àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mopélọ́lá, ó sì pa ọmọ obìnrin náà méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láyíwọlá ló gbẹ́ sàréè wọn. Kò sí ẹni tó nílò láti kọ́ ọ ní ohun tí ìgbẹ́ ń ṣe nínú omi.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló dà á. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú ọyẹ́, bí ìrora kékeré tó ń bá a jí. Àwọn ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí kò lè bẹ̀rẹ̀, ó fi ìgbẹ́ náà sílẹ̀ ó lọ sílé lọ gbé oògùn oníhóró mì, kó tó padà dé Onímú ti rí i, ìlẹ̀kẹ̀ sì ti pọ́n. Lẹ́yìn náà ohun ìyanu kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn yóò lọ sílé lọ gbé oògùn mì, yóò padà wá, kò ní bá nǹkan kan nílẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kò sì ní pọ́n. Ó rò pé ẹ̀rọ náà ń ṣàìsàn. Ó ń dúpẹ́, ojú sì ń tì í pé òun ń dúpẹ́.

Kí ó fi ọ̀pá gbá a ńkọ́? Òfin kọ ọ̀pá. Lọ́dún tí òfin náà dé, ọ̀pá ni àwọn èèyàn fi ń gbá tiwọn sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò. Kí ó tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà lára òpó tí wọ́n ń da ìgbẹ́ ajá sí? Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, wolé-wolé yóò dé kíá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀, ajá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Láyíwọlá ṣe gbọ́ òfin náà nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wà.

"Ìṣẹ́jú méje."

Ó wo ajá náà. Fẹ́hìntọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ló gbé e wálé nígbà tó ṣì wọ inú igbá, ní oṣù tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tí ó jẹ́ ajá yìí nìkan ló ń mí nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ, Fọlárìn àti àwọn àbúrò rẹ̀, wà lókè òkun, wọ́n ń pè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè kì í fi imú tútù kan ẹsẹ̀ ẹni láàárọ̀.

Ó tún wo ìlẹ̀kùn irin tó wà láàárín ojúde.

"Wá," ni ó wí fún ajá. "Dúró gbọn-in."

Ó di ẹ̀yìn ọrùn ajá mú, ó sì jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ ó wólẹ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kò nílò àti bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó kúnlẹ̀ kẹ́yìn nínú balùwẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n kó tó dìde. Orúnkún rẹ̀ kan òkúta, ìrora náà sì gun òkè bí iná. Kò pariwo. Ó fi àpò ewé kó ìgbẹ́ náà, ó mú ewé kejì, ó fi nu ojú òkúta títí ó fi ń dán, ó sì di ẹnu àpò náà pọ̀. Fún ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ti ṣe é.

Ó kù kó gbé e dé ẹnu òpó. Òpó náà kò ju ìṣísẹ̀ méjìlá lọ. Ó gbìyànjú láti dìde, ara kọ̀. Ó gbìyànjú láti fi orúnkún wọ́, ẹ̀yìn gan pa. Ó rò ó pé kí òun jù ú, ó sì rántí bí àpò náà ṣe fẹ́lẹ́ tó, pé bó bá bẹ́ sórí òkúta, ohun tó wà lójú kan yóò di ojú mẹ́wàá.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Onímú ti yí imú padà. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò sáré, kò sì dúró.

Ilé tó súnmọ́ ojúde jù ni ti Ìyá Gbénró. Fèrèsé rẹ̀ ṣí. Ọ̀rẹ́ Fẹ́hìntọ́lá ni Ìyá Gbénró í ṣe nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan ni. Lọ́jọ́ tí Fẹ́hìntọ́lá kú, kò sí ẹni tó sunkún tó o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìsìnkú, kò fi ẹsẹ̀ kan ilé Láyíwọlá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin náà dé ibi pé, nígbà tó tó àkókò láti sọ ajá lórúkọ, ó sọ ọ́ ní Ojúlafẹ́ní, kí ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé lè máa gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tó bá ń pe ajá jẹun, kó sì mọ̀ pé ojú lásán ni wọ́n fi fẹ́ràn wọn. Wọn kò bá ara wọn sọ ju "ẹ kú àárọ̀" lọ láti ìgbà náà. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì pọ́n, ó dá a lójú pé obìnrin náà ló ń lọ pe Onímú.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Láyíwọlá gbé ohùn sókè. "Ìyá Gbénró. Ẹ dákun, ẹ gbà mí."

Ìlẹ̀kùn ṣí kí ó tó pa ẹnu dé. Obìnrin náà ti wọ bàtà. Ó so gèlè mọ́ ìbàdí, ó ń sáré bí ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ṣe lè sáré. Nígbà tó kù bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin kó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dúró. Ó na ọwọ́, ṣùgbọ́n ara ajá ni ojú rẹ̀ wà.

"Ẹ sọ fún un kó jókòó," ni ó wí.

"Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan."

"Ẹ sáà sọ fún un kó jókòó, Bàbá Fọlárìn."

"Jókòó," ni Láyíwọlá wí. Ajá jókòó. Ìyá Gbénró gba àpò náà bí ẹni ń já nǹkan gbà lẹ́nu iná, ó yí padà, ó sì jù ú sẹ́nu òpó.

Òpó náà gbé e mì. Iná inú ilé ìdáná àwọn kan ni yóò dà kó tó di alẹ́. Nígbà àtijọ́, àwọn òpó wọ̀nyí máa ń dárúkọ ẹni tó fi ìgbẹ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìborùn bojú mú ajá jáde. Ni àgbà obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ bá sọ pé yin ni yin ni, kí ẹni lè ṣe mìíràn. Wọ́n tún àwọn òpó náà kọ́ lédè. Láti ìgbà náà, oríkì ni wọ́n ń fi kí ẹni tó bá tún ilẹ̀ ṣe, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń mú ajá jáde lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ nítorí àtigbọ́ ọ.

"Àbẹ̀kẹ́," ni òpó náà fi oríkì pe Ìyá Gbénró ní ohùn dídùn, "ọmọ afọwọ́-mímọ́-tún-ilé-ṣe, o kú iṣẹ́, a dúpẹ́. Ìgbà kọkàndínlógún rèé tí o tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn ajá yìí."

Láyíwọlá yíjú sí ajá rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó kù lọ́rùn ajá ṣì funfun. Onímú dé ibi tó kúnlẹ̀ sí, ó gbọ́ òórùn òkúta tó nù, ó gbọ́ òórùn orúnkún rẹ̀, ó tan iná búlúù kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ìgbà kọkàndínlógún?" ni ó béèrè nígbẹ̀yìn.

Ìyá Gbénró kò yíjú padà. "Òpó yìí ń sọ̀rọ̀ jù," ni ó wí.

Òjò dé. Kò kọ́kọ́ ṣẹ́, ńṣe ló bọ́ lulẹ̀ wuuru. Ìlẹ̀kùn irin náà kùn, ó ya sí méjì, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn lọ bá a láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láyíwọlá gbọ́ ọ bó ṣe ń já bọ́ sísàlẹ̀, tó ń kan ilẹ̀ táńkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Etí agbẹ́kàǹga ni etí rẹ̀. Ó mọ̀ nínú ìró náà pé omi mímọ́ ni, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe díẹ̀. Èrò kan rọ̀ ọ́ lọ́kàn bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀: kò sí ẹni tí òùngbẹ máa gbẹ ní àdúgbò yìí lọ́dún yìí nítorí òun.

Ìyá Gbénró padà wá, ó ki ọwọ́ sí i lábíyá, ó fẹ́ gbé e dìde.

"Ẹ má gbé mi," ni Láyíwọlá wí. "Ẹ ó ba ẹ̀yìn tiyín náà jẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ bọ́tìnnì nígbà náà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Wọn ó mú un lọ."

Obìnrin náà dúró nínú òjò, gèlè rẹ̀ ń ro tótó. Láyíwọlá gbójú sókè wò ó. Omi ń gba ojú àwọn méjèèjì.

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ pe Onímú lé mi lórí," ni ó wí. "Nígbà méjèèjì."

"Èmi?" Ìyá Gbénró mi orí. "Mo máa ń rí yín láti ojú fèrèsé. Mo ń rí i bí ẹ ṣe ń di ògiri mú lọ sílé. Lẹ́yìn ìgbà méjèèjì yẹn, bí ẹ bá ti kọ ẹ̀yìn, mo máa jáde lọ kó o. Omi tí ẹ̀ ń mu náà ni mo ń mu."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹni tó fi mí sọ ajá?"

Láyíwọlá sọ orí kodò. Ó sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. "Ẹ kò wá mọ́. Lẹ́yìn tí a sin ín, ẹ kò wá mọ́."

"Mo wá," ni Ìyá Gbénró wí. "Ìgbà mẹ́ta ni mo wá. Mo gbé ọbẹ̀ wá nígbà kan. Ajá yín dùbúlẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ó ń kùn mọ́ mi. Ajá ló bù mí jẹ ní kékeré, Bàbá Fọlárìn, àpá rẹ̀ ṣì wà nítan mi di òní. Mo dúró títí, mi ò lè kọjá. Ojú tì mí láti pariwo pè yín nítorí ajá kékeré. Mo bá gbé ọbẹ̀ mi padà."

Láyíwọlá ronú kan bó ṣe jókòó nínú ilé lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò kan ìlẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ẹni náà wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó bá a lójijì pé òun ń sunkún. Òjò kò jẹ́ kó hàn.

"Ẹ foríjì mí," ni ó wí. "Àṣìgbọ́ ni mo gbọ́ yín."

"Ẹ dìde kúrò nínú òjò ná."

Ó wo ajá rẹ̀ tó jókòó tì í, tó ti rin gbingbin, tí kò sì kúrò. Ó tún wo òpó. Obìnrin yìí ti ń gbé ẹrù òun káàkiri ní ìkọ̀kọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Irọ́ pé òun lè bẹ̀rẹ̀ kì í tún ṣe ti òun nìkan mọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ni ó wí.

Wolé-wolé tó dé, ọ̀dọ́bìnrin ni, Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ tí kì í dún ló sì wà. Kò béèrè ohunkóhun. Ó tú ìgbànú fífẹ̀ kan lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó dè é mọ́ Láyíwọlá láyà, ìgbànú náà wú, ó sì gbé bàbá náà dìde bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ, láìjá a, láìyára. Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ ìloro Ìyá Gbénró, wọ́n sì fi í jókòó sórí àpótí. Ajá tẹ̀ lé wọn, ó dúró nínú òjò lẹ́bàá àtẹ̀gùn.

Abọ́sẹ̀dé nu ojú wàláà dídán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ewu," ni ó wí. "Mo ní láti béèrè ìbéèrè kan. Ẹ má bínú. Ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀?"

Irọ́ náà wà lẹ́nu Láyíwọlá, ó ti lò ó tẹ́lẹ̀. Nínú ọyẹ́, oògùn mẹ́rin ló gbé mì kó tó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn wolé-wolé. Ó lè sọ pé òun yọ̀ ṣubú ni, pé òjò ló fà á.

"N kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́," ni ó wí. "Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Màmá yìí ló ń bá mi kó o, èmi pàápàá kò mọ̀."

Abọ́sẹ̀dé kọ ọ́ sílẹ̀. Láyíwọlá ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń rìn lórí wàláà. Ó wo ajá rẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó ń dágbére fún un nínú ọkàn.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ mú un lọ?" ni ó béèrè.

"Mú un lọ síbo, Bàbá?"

"Òfin sáà ní ẹni tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ajá."

Ọmọbìnrin náà gbé ojú sókè. Ó yí wàláà náà padà sí i, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. "Ẹ bá mi kà á."

Láyíwọlá fún ojú pọ̀. Ó kà á jáde, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá ajá ní."

"Dá ajá ní," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Òfin kò ní kẹ́ ẹ má ní ajá. Ó ní kẹ́ ẹ má dá a ní. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọwọ́ kejì sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́ ọwọ́ kejì rí. Mo rò pé ti àwọn arìnrìn-àjò ni."

"Àwọn ló ń lò ó jù. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà bíi tiyín ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí etí rẹ̀ ti lè gbọ́ ìdè ọrùn, tó sì ti tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn ajá náà tó ìgbà mẹ́wàá. Ṣé ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Láyíwọlá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, òun ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọkùnrin tó ti ń dá wọ inú kànga láti ìgbà èwe, ó ṣòro fún un ju kíkúnlẹ̀ lọ.

"Ìyá Gbénró," ni ó wí, "mo bẹ̀ yín. Ẹ bá mi ni ín."

Ìyá Gbénró wo ajá náà. "Kí ni mo máa ṣe?" ni ó bi Abọ́sẹ̀dé léèrè.

"Ẹ kàn máa gbé ọwọ́ lé e lórí, Màmá, kí ìdè ọrùn rẹ̀ lè mọ ọwọ́ yín."

"Lé orí tó ní eyín yẹn?"

"Iwájú ni eyín wà," ni Láyíwọlá wí. "Ẹ gba ẹ̀yìn etí."

Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan, ó dúró, ó tún sọ̀ òmíràn. Ajá náà ń wò ó, kò mira. Ó dàbí ẹni pé ó mọ̀ pé nǹkan ń lọ. Ìyá Gbénró di ojú, ó na ọwọ́, ìka rẹ̀ sì kan irun tútù. Ó fẹ́ fà á padà, kò fà á. Ó tẹ́ gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e.

"Ó gbóná," ni ó sọ, bí ẹni tí ẹnu yà.

"Ọwọ́ kejì ti wọlé," ni ìdè ọrùn náà wí. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ pupa méjèèjì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì padà funfun.

Láyíwọlá wò wọ́n, ó tún wò wọ́n. "Àwọn ìyẹn ńkọ́?"

"Àkọsílẹ̀ tuntun, ìlẹ̀kẹ̀ tuntun," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Ẹ fún mi lórúkọ ajá kí n lè parí rẹ̀."

Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn. "A lè yí i padà," ni Láyíwọlá wí. "Mo lè sọ ọ́ lórúkọ mìíràn."

"Ojúlafẹ́ní," ni Ìyá Gbénró sọ fún ọmọbìnrin náà. Ó yí padà sí Láyíwọlá. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ó ti mọ́ ọn lára. Òun kọ́ ló kúkú sọ ara rẹ̀."

Láyíwọlá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ dùn ún bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. Abọ́sẹ̀dé náà rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí, ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó ní òun yóò rán oníṣègùn egungun wá kí ọ̀sán tó pọ́n, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ nínú òjò.

Ìyá Gbénró wọlé, ó gbé àkàṣù ẹ̀kọ méjì àti ọbẹ̀ gbígbóná jáde. Ó gbé e sórí àpótí mìíràn láàárín wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

"Ago mélòó lẹ máa ń mú un jáde?" ni Ìyá Gbénró béèrè.

"Mẹ́fà ààbọ̀."

"Ó ti yá jù. Mi ò lè fọwọ́ kan nǹkan yẹn láìtíì jẹun. Mẹ́jọ."

"Ajá kò lè mú un mọ́ra di mẹ́jọ, Ìyá Gbénró."

"Méje ààbọ̀ nígbà náà."

"Méje ààbọ̀ náà ni."

Ìyá Gbénró já ẹ̀kọ díẹ̀, ó jù ú sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, sí ibi tó jìnnà sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa. Ajá gbé e. Láyíwọlá fi ẹ̀yìn ti ògiri. Láti inú ọyẹ́ ni kò ti sùn kí ó má lálàá ọkọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún obìnrin náà, ó fẹ́ dúpẹ́ bó ṣe yẹ kí àgbà dúpẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gidi. Ó ń to ọ̀rọ̀ náà jọ lọ́wọ́ ni oorun gbé e. Nígbà tí oníṣègùn egungun dé pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó bá a lórí àpótí, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó ń hanrun. Ìyá Gbénró fi ìka lé ètè, ó sì ní kó jọ̀ọ́, kó jókòó ná, kó jẹ́ kí Bàbá sùn tẹ́rùn.